Ewé Tí Mo Gbé Fún Ewúrẹ́ Màmá Ṣakí

Bàtà gíga ni mo wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ti fi oṣù mẹ́ta kọ́ táípù ní Ìkìrun kí n tó lọ́kọ, mo sì ka ìwé mẹ́wàá já. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀ ń gba èèyàn, iṣẹ́ táípù ni mo fọkàn sí. Ọ̀gá tó gba ìwé mi yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. Ó ní àyè táípíìsì ti kún, àmọ́ kọ́tásì tí àwọn òyìnbó ilé-iṣẹ́ náà ń gbé ń fẹ́ ẹnì kan tó mọ̀wé, tí yóò máa kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà sílẹ̀ láràárọ̀, tí yóò sì máa bá wọn ṣiṣẹ́.

“Irú iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, sà?”

“Wọ́n ń gé fúláwà.”

Díẹ̀ ló kù kí n rẹ́rìn-ín. Ní Ìkìrun, ta ló ń gbowó oṣù nítorí pé ó gé ewé? Àmọ́ ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń ya wọ̀lú nìyẹn. Láti Òṣòdì dé Ìsọlọ̀, ibi tí èèyàn bá yíjú sí, ilé ni wọ́n ń kọ́, ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣí, ilé ńlá kọ̀ọ̀kan sì ń fẹ́ fúláwà tí yóò yí i ká bí gèlè ṣe ń yí orí ká. Ọkọ mi ń gbé ẹrù ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, yàrá kan la háyà ní Mafolúkù, ọmọ wa, Tọ́pẹ́, ò sì tíì pé ọdún kan. Mo ní mo gbà.

Wọ́n fà mí lé olórí àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà lọ́wọ́, bàbá Ìjẹ̀ṣà kan tí gbogbo kọ́tásì ń pè ní Bàbá Onífúláwà. Ó wo bàtà ẹsẹ̀ mi. Ó wọ yàrá tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí, ó mú bàtà rọ́bà jáde, ọ̀kan dúdú, èkejì àwọ̀ ewé.

“Akọ̀wé, wọ èyí. Ìyá kan náà kọ́ ló bí wọn, àmọ́ wọn ò tíì jà rí.”

Láti ọjọ́ náà ni Akọ̀wé ti di orúkọ mi ní kọ́tásì.

Mo rò pé gígé ni iṣẹ́ náà. Gígé rọrùn. Àlùmọ́gàjí ńlá tí à ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú la fi ń gé e. A óò ri igi méjì mọ́lẹ̀, a óò na okùn sí àárín wọn kó lè tẹ́jú, nítorí ẹni tó bá ní ojú lòun máa fi wọ̀n ọ́n, orí fúláwà rẹ̀ á dà bí orí tí ọmọdé fá. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ewé tí ó jábọ́ sílẹ̀. Nígbà tí a bá fi máa gé ẹ̀gbẹ́ ilé mẹ́rin tán, òkìtì ewé á ga tó mi. Bàbá á wá ti bárò sí iwájú mi.

“Ẹni tó fárí fún èèyàn, òun náà ni yóò gbá irun.”

Ọ̀nà mẹ́ta ni Bàbá ń pín ewé náà sí. Ewé tútù lásán, irú èyí tó ń yọ òdòdó pupa, inú kòtò ńlá tó wà lẹ́yìn yàrá irinṣẹ́ ló ń lọ. Ó ń jẹrà níbẹ̀, ó ń di ilẹ̀ dúdú tí a tún ń bù sídìí òdòdó. Ẹlẹ́gùn-ún, a óò gé e kéékèèké kí ó má baà gún ọmọ ọlọ́mọ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n gbìn sí ìdí ògiri ẹ̀yìn, tí ewé rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí òdòdó rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó sì rí bí agogo kékeré. Bí a bá ṣẹ́ ẹ, omi funfun bíi wàrà á máa jáde lára rẹ̀. Àwọn òyìnbó ń pè é ní mílíkì-búùṣì, Bàbá sì ń pè é ní olómi funfun. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé tirẹ̀. Kòtò tirẹ̀ dá wà lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ omi, ó jìn tó àyà èèyàn. Bí Bàbá bá ti da ewé náà sí i, yóò rọ yẹ̀pẹ̀ bò ó, yóò sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kì í dáná sun ún. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ ṣáná sí i, Bàbá gba ìṣáná lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sínú omi.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, “Bàbá, kí ló dé tí ẹ kì í da tibẹ̀ yẹn pọ̀ mọ́ ìyókù?”

“Wọn kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà.”

“Kí ló wà lára rẹ̀?”

“Omi funfun ni. Ìwọ náà rí i.”

Bó ṣe máa ń dáhùn nìyẹn. Ká sọ òótọ́, mo rò pé agídí àgbà ni. Mo tilẹ̀ rò pé ó ń fi kòtò yẹn dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ara rẹ̀ kí ọ̀gá lè máa rí i pé ọwọ́ rẹ̀ dí.

Èmi ì bá má lè ṣiṣẹ́ náà rárá bí kì í bá ṣe ti Màmá Ṣakí. Nínú ọgbà ilé kan náà la jọ ń gbé. Opó ni, ọmọ rẹ̀ méjèèjì ti lọ́kọ, ó sì sọ fún mi lọ́sẹ̀ tí mo ríṣẹ́ pé kí n máa gbé Tọ́pẹ́ fún òun láràárọ̀. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ra ọṣẹ tàbí ṣúgà fún un, á ní, “Ṣé mo sọ fún ọ pé mo ń fi ọmọ títọ́jú ṣòwò ni?”

Ohun tí Màmá Ṣakí fẹ́ràn jù lẹ́yìn Tọ́pẹ́ ni ewúrẹ́ rẹ̀ kan. Ìyàwó ló ń pè é. Bó bá kígbe pé “Ìyàwó” ní ìrọ̀lẹ́, ó kéré tán obìnrin méjì á dáhùn láti inú yàrá wọn, ewúrẹ́ náà á sì ti dé ẹsẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó yọjú. Kì í ṣe ewúrẹ́ tirẹ̀ gan-an. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní Ṣakí ló ni ín, ó fún un sìn ni. Ẹ mọ bí wọ́n ti ń ṣe é: ọmọ tí ẹran bá kọ́kọ́ bí, ti ẹni tó ni ẹran ni, èyí tó bá bí tẹ̀ lé e, ti ẹni tó ń sìn ín ni. Ìyàwó ti bí àkọ́kọ́, wọ́n ti fi ọmọ náà ránṣẹ́ sílé. Oyún kejì ló wà nínú rẹ̀ báyìí, ikùn rẹ̀ sì ti fẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Màmá Ṣakí ò tíì ní ẹran tirẹ̀ rí láti ìgbà tó ti dé Èkó. Ó máa ń fọwọ́ sí ikùn Ìyàwó, á ní méjì ni, ó tilẹ̀ ti sọ wọ́n lórúkọ.

Ẹni kan ṣoṣo tí kò fẹ́ràn Ìyàwó nílé wa ni Ìyá Bíọ́dún, ìyàwó tíṣà kan láti Èkìtì. Ewúrẹ́ náà ti jẹ iṣu gbígbẹ tó sá lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, Ìyá Bíọ́dún dúró ní àárín ọgbà, ó ní, “Màmá, ẹ so ẹran yín mọ́lẹ̀ o. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, nǹkan kan á ṣe é lọ́jọ́ kan.” Gbogbo ilé ló gbọ́.

Nígbà tí òjò rọ̀ dáadáa lọ́dún náà, ọ̀rọ̀ ewé di wàhálà. Kòtò ńlá kún fún omi. Àwọn òṣìṣẹ́ mélòó kan ti ń dọ́gbọ́n da ewé sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà lẹ́yìn ògiri. Òjò ọjọ́ kan gbé gbogbo rẹ̀ di ẹnu gọ́tà náà, omi sì ya wọ ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n dé ẹnu géètì wa, obìnrin kan gbé ẹní tó rin gbingbin lọ́wọ́, ó ní òun fẹ́ kí òyìnbó wá sùn lórí rẹ̀. Ọ̀gá kọ́tásì pè wá jọ. Ó ní bí a kò bá mọ ibi tí a óò máa kó ewé sí, òun máa gbé iṣẹ́ náà fún àwọn tó ní típà, kí àwa sì máa lọ sílé wa.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Bàbá Onífúláwà lọ sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé. Ó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá irinṣẹ́ lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Máa gé iwájú. Ti ẹ̀yìn, fi í sílẹ̀ kí n dé.”

Èmi tí mo ka ìwé mẹ́wàá, mo jókòó ro ọ̀rọ̀ ewé yìí, mo sì rí ọ̀nà. Ewé ni, àbí? Ta ló ń jẹ ewé? Mo sọ fún àwọn obìnrin tó ń sin ẹran ládùúgbò pé kí wọ́n máa wá gba ewé tútù ní géètì. Ọjọ́ kejì, obìnrin mẹ́fà ti dé pẹ̀lú àpò. Ọ̀gá kọ́tásì gba ibẹ̀ kọjá, ó rí i pé ilẹ̀ mọ́, ó ní, “Akọ̀wé, o gbọ́n o.” Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé orí ara mi lè tàn mí.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá ní àlejò ń bọ̀, kí a gé fúláwà ẹ̀yìn. Mo ní Bàbá ní kí a fi í sílẹ̀. Ó ní ta ni ọ̀gá, òun àbí Bàbá? A gé e. Nígbà tí a gé e tán, àpò kan kún. Kòtò rẹ̀ ti kún fún omi òjò. Ewé náà tutù minimini, ó rọ̀, kò lẹ́gùn-ún, mo sì rántí pé nínú gbogbo ewé tí mo ti ń fún àwọn èèyàn lọ́sẹ̀ náà, mi ò tíì gbé ìkan lọ fún ẹni tó ń bá mi tọ́jú ọmọ. Mo gbé àpò náà ka orí, mo gbé e dé Mafolúkù.

Màmá Ṣakí gbàdúrà fún mi títí ẹnu fi ro ó. Ìyàwó gbóòórùn ewé náà, ó sín, ó yí orí padà.

Màmá ní, “Fi í sílẹ̀, aláfẹ́ ni. Ṣe ni n ó sá a sórí páànù balùwẹ̀. Bó bá rọ, á jẹ ẹ́.”

Àárọ̀ Sátidé ni Bàbá dé. Mo ń kọ orúkọ nígbà tí mo rí i tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé, ìrìn rẹ̀ yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

“Ta ló gé ẹ̀yìn?”

“Ọ̀gá ló ní ká gé e, Bàbá. Ẹ kú ìrìn o. Ẹ kú ará fẹ́rakù.”

“Ewé rẹ̀ dà?”

“Mo gbé e fún ewúrẹ́ Màmá wa.”

“Ó jẹ ẹ́?”

“Kò tilẹ̀ fẹnu kàn án. Màmá sá a kó lè rọ.”

Ó rọra sọ ọ́ bí ẹni pé kò fẹ́ kí etí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ: “Bó bá tutù, ó korò lẹ́nu wọn. Bó bá rọ tán ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Májèlé ni, Akọ̀wé. Ọmọ rẹ ti ń rá?”

Tọ́pẹ́ ti ń rá, kò sì sí ohun tó rí nílẹ̀ tí kì í fi sẹ́nu.

Bàbá gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní kí n jókòó sẹ́yìn. Bàbá tó lé ní ọgọ́ta ọdún fi kẹ̀kẹ́ gbé mi láti Ìsọlọ̀ dé Òṣòdì, èmi pẹ̀lú bàtà rọ́bà, mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú lẹ́yìn. Nígbà tí a dé Bọ́ládé, àwọn tó ń kiri ọjà kò jẹ́ kí a sinmi.

“Bàbá, ẹ rọra o, ìyàwó yìí kéré sí yín.”

“Ìyàwó, sọ̀ kalẹ̀ kí o gbé Bàbá. Ìwọ lo lágbára.”

Ọjọ́ mìíràn, Bàbá á ti dá wọn lóhùn, á sì bú wọn dáadáa. Lọ́jọ́ yẹn kò wo ẹ̀gbẹ́. A sọdá ojú irin, ó tún gùn ún.

Ariwo la gbọ́ kí a tó wọlé. Ohun tí ojú mi kọ́kọ́ wá ni Tọ́pẹ́. Ó wà lẹ́yìn Màmá Ṣakí, ó sùn fọnfọn, orí rẹ̀ ń mì bí Màmá ti ń jà. Mo fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀, mo gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀kọ ló ń rùn. Kò sí òórùn ewé níbẹ̀.

Ìyàwó nà gbalaja sí ìdí ògiri. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, kò pẹ́ tó fi dákẹ́. Màmá Ṣakí dojú kọ ilẹ̀kùn Ìyá Bíọ́dún.

“O ní nǹkan kan á ṣe é. Nǹkan náà ti ṣe é. Ṣé inú rẹ dùn?”

“Màmá, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò fún un ní nǹkan kan.”

“Ọlọ́run wo? Ṣebí o sọ ọ́ lójú gbogbo ayé. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ọmọ méjì ló wà nínú rẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé.”

Ìyá Bíọ́dún ń sunkún. Àwọn èèyàn dúró káàkiri, mo sì rí ojú wọn: wọ́n ti gbà pé òun ni. Bàbá Onífúláwà wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ó rìn lọ sí ibi balùwẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ewé tó kù lórí páànù sínú àpò, ewé kan lẹ́yìn èkejì. Kò sẹ́ni tó wo ibi tó wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo rò ó láti dákẹ́. Bí Bàbá bá kó ewé náà tán tí a gbé e lọ, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ìjà ewúrẹ́ á di ìjà àwọn àgbà méjì, n ó ṣì máa gbé ọmọ mi fún Màmá láràárọ̀, n ó máa lọ síbi iṣẹ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ta ni yóò bá mi gbé Tọ́pẹ́? Mo ti ń ṣírò èyí lọ́kàn nígbà tí Ìyá Bíọ́dún kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀ kó lè tún búra. Mi ò lè wò ó.

“Màmá, ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni.”

“Ìwọ ni kí ni?”

“Ewé tí mo gbé wá ló pa á. Mi ò mọ̀ pé májèlé ni. Bàbá ọ̀gá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi ni, ìdí tí a fi sáré wá nìyí.”

Màmá Ṣakí wò mí, ó wo àpò ọwọ́ Bàbá. Ó tú ọ̀já, ó gbé Tọ́pẹ́ kúrò lẹ́yìn, ó gbé e fún mi. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Ìyá Bíọ́dún nu orúnkún rẹ̀. “Ìyá Tọ́pẹ́, o ṣeun. Ìbá dára ká ní o tètè dé díẹ̀, ó ti pè mí ní àjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.”

Ọkùnrin kan nílé wa ti ń pọ́n ọ̀bẹ, ó ní kí a tètè dú ẹran náà kó má baà ṣòfò. Bàbá ní, “Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á bá a lọ.” Ó yá ọkọ́, òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó sin ín jìn, kí ajá má baà hú u. Àpò ewé náà, ó so ó mọ́ kẹ̀kẹ́, ó gbé e padà sí Ìsọlọ̀, ó ní kì í ṣe ibi tí ọmọdé ń gbé ló yẹ kí a sin ín sí.

Ní Sọ́ńdè, mo dé ọ̀dọ̀ gbogbo obìnrin tó ti gba ewé lọ́wọ́ mi, Tọ́pẹ́ lẹ́yìn mi, mo ń tú àpò wò, mo ń tú ilé ẹran wò. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, kò sí olómi funfun nínú tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá mo fẹ́ gba ewé mi padà ni. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn mi ni Tọ́pẹ́ wà níbi iṣẹ́. Èmi àti Bàbá gbọ́n omi kúrò nínú kòtò olómi funfun, a tún un gbẹ́, a fi páànù àti òkúta bo ojú rẹ̀. Nígbà tí a sinmi, mo bi í léèrè ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn.

“Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi nígbà tí mo bi yín?”

Ó ń họ ẹrọ̀fọ̀ kúrò lára ọkọ́. “Nígbà tí mo wà ní kékeré níṣẹ́ yìí, mo sọ ọ́ fún ẹnì kan. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó ti fi pa ẹran aládùúgbò rẹ̀ mẹ́ta. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ní n ò sọ ọ́ mọ́. Mo rò pé bí mo bá fi ọwọ́ ara mi sin ín, ó tó.” Ó họ ọkọ́ náà sí i. “Kò tó. Mo jẹ̀bi nínú ẹ̀, Akọ̀wé. Mo ti sọ fún ọ̀gá bẹ́ẹ̀.”

Ọ̀gá kọ́tásì bá mi wí fún wákàtí kan, kò lé mi. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ Bàbá ló gbà mí. Àmọ́ ó ní ibi tí wọ́n ti ń gé igi kì í ṣe ibi ọmọ ọwọ́, kí n wá ibi tí n ó gbé ọmọ mi sí kí oṣù tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n dúró tì í nílé. Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀fọn ti jẹ Tọ́pẹ́ lójú títí ó fi wú.

Màmá Ṣakí kò bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí i, á ní “Hẹn”, á kọjá. Mi ò bínú sí i. Bó bá dalẹ́, mo máa ń rí i tó ń jókòó sí ibi tó ti máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan, kò sí ohun tí yóò pè.

Ó tó ọjọ́ mẹ́sàn-án kó tó wá. Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè kan ni, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa pẹ̀lú bébà kan àti bírò tó yá lọ́wọ́ tíṣà, ọkọ Ìyá Bíọ́dún.

“Ìwọ lo mọ̀wé. Wá kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló ni ẹran, ó yẹ kó gbọ́.”

Mo jókòó sílẹ̀, mo fi àtẹ oúnjẹ Tọ́pẹ́ ṣe tábìlì. Ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kí ọkọ rẹ̀, ó kí gbogbo ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó béèrè nípa oko. Mo ń kọ, mo ń dúró de ibi tí orúkọ mi máa bọ́ sí.

“Kọ ọ́ pé Ìyàwó ti kú.”

Mo kọ ọ́.

“Kọ ọ́ pé ewé ló jẹ. Kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni dìtẹ̀ sí wa. Kọ ìyẹn dáadáa, torí yóò béèrè.”

Mo kọ ọ́.

“Kọ ọ́ pé ọmọ wa kan ló gbé ewé náà wá. Ó rò pé oore ló ń ṣe. Kò mọ̀.”

Mi ò lè kọ ọ́. Omi ojú mi ti dà sórí bébà náà.

“Àbíkẹ́,” ó ní. Kò tíì fi orúkọ mi pè mí rí. “O ń ba bébà jẹ́. Kọ ọ́.”

Mo kọ ọ́. Ó ní kí n kà á sókè fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó mi orí, ó ní ó dára, kí n ká a.

Àárọ̀ Mọ́ńdè, mo ti ń na ọ̀já láti pọn Tọ́pẹ́ nígbà tí ó yọ sí mi pẹ̀lú ọ̀já tirẹ̀ ní èjìká.

“Ibo lò ń gbé e lọ? Gbé e wá jàre. Àbí òun náà ń gé fúláwà?”

Tọ́pẹ́ na ọwọ́ méjèèjì sí i kí n tó sọ̀rọ̀.

Bàbá Onífúláwà ti fẹ̀yìn tì báyìí, ó ti padà sílé lọ máa sọ fún ìyàwó rẹ̀ bí yóò ṣe gé ẹ̀fọ́. Èmi ni mo ń ṣe olórí òṣìṣẹ́ ọgbà, Tọ́pẹ́ sì ti ń bọ̀ láti ilé ìwé fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ Màmá Ṣakí ló ń kọ́kọ́ dé. Ewé tútù la ṣì ń fún àwọn tó ní ẹran, àmọ́ èmi ni mo ń fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde ní géètì, bí ọjọ́ tilẹ̀ gbóná. Olómi funfun ò jáde rí.

Bí ẹni tuntun bá wọṣẹ́, mi ò kọ́kọ́ fún un ní àlùmọ́gàjí. Mo máa ń mú un lọ sí ìdí ògiri ẹ̀yìn, mo máa ń ṣẹ́ ẹ̀ka kan kó lè rí i bí omi funfun náà ṣe ń kán. Mo sọ fún un pé májèlé ni, ní tútù àti ní gbígbẹ, àti èéfín rẹ̀. Mo mọ ẹ̀rù tó ba Bàbá, mo sì mọ̀ pé ẹnì kan lè fi ohun tí mo sọ ṣe ìkà lọ́jọ́ kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ìyókù: ewúrẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Ìyàwó, oyún ìbejì wà nínú rẹ̀, obìnrin tó ń sìn ín kò ní òmíràn. Wọ́n máa ń béèrè ẹni tó gbé ewé náà fún un. Màmá Ṣakí kò jẹ́ kí n kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ṣùgbọ́n èmi kì í fi pamọ́ fún ẹni tí mo bá ń kọ́ níṣẹ́.

“Èmi ni,” ni mo máa ń wí. “Wá, jẹ́ ká lọ fọwọ́.”